Ó ń kàwé mọ́jú, máàkì kò gòkè: kí ni ìwádìí ń sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fámásì?

Bí èsì ìdánwò bá ti jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ ìmọ̀ fámásì: "Ọmọ yìí kì í sùn. Tọ̀sán-tòru ló ń kàwé. Báwo ló ṣe wá gba 47?" Ẹnìkan á tún gbé ìròyìn ìwádìí kan sórí WhatsApp, pé ìṣesí ìkàwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fámásì ní ìbátan tó nítumọ̀ pẹ̀lú máàkì wọn. Kò ní pẹ́ tí ìwádìí mìíràn á fi sọ pé ìbátan náà kò tó nǹkan. Bí òbí bá ka èyí àkọ́kọ́, á ní ọ̀lẹ ni ọmọ òun. Bí ọmọ bá ka ìkejì, á ní orí òun ni kò gbé ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí pé kò sí ìkankan nínú méjèèjì tí ìwádìí sọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìṣesí ìkàwé?

Gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe léraléra nídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀, títí tó fi mọ́ ọn lára, ni ìṣesí ìkàwé. Ṣé ó máa ń wọ kíláàsì? Ṣé ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀, àbí ìwé tí ẹlòmíràn kọ ló ń dúró dè? Ìgbà wo ló ń ṣí ìwé náà, lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ ni, àbí ìgbà tí wọ́n bá ti lẹ ọjọ́ ìdánwò mọ́ ògiri? Ṣé ó máa ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè? Ìgbà wo ló ń sùn? Iye wákàtí tó fi jókòó ti ìwé wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan péré ni, kì í sì í ṣe òun ló lágbára jù.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ máàkì náà wò. CGPA tí gbogbo ènìyàn ń pariwo ni ìṣirò àárín gbogbo ìdánwò tí ọmọ ti ṣe láti 100 level, tí wọ́n sì wo bí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ti wúwo tó kí wọ́n tó ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ 400 level tó tún ìkàwé rẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá ṣì ń ru máàkì 100 level kiri. Bí olùwádìí bá bi í lónìí bó ṣe ń kàwé, tó sì fi ìdáhùn náà wé CGPA rẹ̀, ìṣesí òní ló fi wé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ti wọlé nìyẹn, kí á tó débi tí ẹnikẹ́ni ń ka nọ́ńbà.

Kí ló mú fámásì yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ mìíràn?

Ẹ kọ́kọ́ wo ààlà àṣeyege. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Nàìjíríà, ẹni tó bá gba 40 tàbí 45 ti yege. Ní fámásì, 50 ni. Tí ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ nǹkan mìíràn bá gba 47, tí àbúrò tó wà ní fámásì náà gba 47, ẹ̀gbọ́n ti kọjá, àbúrò ń bọ̀ wá tún un kọ. Òbí tó bá ń fi èsì ọmọ méjì wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ààlà wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bí ẹ̀kọ́ náà ti pọ̀ tó. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń gba oyè B.Pharm; oyè PharmD tó ń rọ́pò rẹ̀ gba ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ kẹ́mísírì, físíìsì àti báyọ́lọ́jì, wọ́n á wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an: ohun tí oògùn ń ṣe nínú ara, tí wọ́n ń pè ní pharmacology, bí wọ́n ṣe ń sọ èròjà di oníhóró, olómi àti ìpara, kẹ́mísírì oògùn fúnra rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí, àti oògùn tó ti ara ewéko wá. Ẹ̀ka tó kẹ́yìn yìí kò jìnnà sí wa rárá. Asòfẹ́yẹjẹ tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà ní ọjà Ìbàdàn ní reserpine nínú, oògùn tí wọ́n ti fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru nílé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èyí tó ń bá ọmọ jà jù ni pé àwọn kọ́ọ̀sì yìí so kọ́ra. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ásíìdì àti béèsì kò yé ní 100 level á tún bá a pàdé ní 300 level, níbi tí wọ́n ti ń bi í ìdí tí oògùn kan fi ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn tí òmíràn kì í fi í wọ̀. Ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kàwé fún WAEC tó sì gba A á rò pé ọ̀nà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Fún ọdún kan, bóyá ó lè ṣiṣẹ́.

Ìbátan tó nítumọ̀: kí ni wọ́n fẹ́ sọ gan-an?

Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe ìwádìí yìí rèé. Olùwádìí á pín fọ́ọ̀mù fún, ká ní, 200 akẹ́kọ̀ọ́. Gbólóhùn á wà níbẹ̀ bíi "Mo máa ń yẹ ìwé mi wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀", akẹ́kọ̀ọ́ á sì mú ọ̀kan: mo gbà gidigidi, mo gbà, mi ò gbà. Wọ́n á sọ ìdáhùn rẹ̀ di nọ́ńbà, wọ́n á fi wé máàkì rẹ̀. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá sábà ń gòkè pọ̀, ìbátan wà. Láti 0 dé 1 ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀: 0 ni pé ọ̀kan kò mọ ibi tí èkejì ń lọ; 1 ni pé ibi tí ọ̀kan bá yà sí ni èkejì ń yà sí.

Tí wọ́n bá wá ní ó nítumọ̀, wọn kò sọ pé ó tóbi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, ká ní kò sí ìbátan kankan, yóò ṣòro kí kòńgẹ́ lásán mú irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde. Ààlà tí wọ́n sábà ń lò ni pé kí ó má ju ìgbà 5 lọ nínú 100. Bí àwọn tí wọ́n bi léèrè bá pọ̀, ìbátan tín-ín-tín lè kọjá ààlà yìí. Bí wọn kò bá pọ̀, èyí tó tóbi díẹ̀ lè má kọjá rẹ̀. Fún ìdí èyí, ìwádìí tí wọ́n fi 60 akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè ní òun kò rí nǹkan kan, kí ti 600 ní òun rí i, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má parọ́.

Ìṣirò kékeré kan wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìbátan náà jẹ́ 0.2, ẹ sọ 0.2 di ìlọ́po 0.2. Ó di 0.04. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 100 ìdá ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàkì àwọn ọmọ náà, ìdá 4 ló bá ìṣesí ìkàwé rìn. Ìdá 96 yòókù wà níbòmíràn. Ìwé ìròyìn kì í kọ apá yìí.

Ìbátan kò sì fi hàn pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ọmọ tó ń gba máàkì gíga lè máa kàwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí pé máàkì náà ń mú inú rẹ̀ dùn sí ìwé. Ó sì lè jẹ́ pé ilé tó ti wá ló fún un ní méjèèjì, ilé tó rówó sanwó iléèwé tó dára, tó sì lè gba yàrá tí iná wà fún un. Ẹ má sì gbàgbé pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn fọ́ọ̀mù. Ta ni nínú wa ló ń fi òǹkà dá wákàtí tó fi kàwé mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi ṣí ìwé sílẹ̀, tó ń tẹ fóònù?

Mi ò ní ká da ìwádìí wọ̀nyí nù o. Ní 2008, Credé àti Kuncel kó ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pa pọ̀. Wọ́n rí i pé ìṣesí, ọgbọ́n ìkàwé àti ọwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi mú ẹ̀kọ́ ń sọ bí máàkì rẹ̀ yóò ti rí, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ohun tí ìdánwò àbáwọlé àti máàkì àtẹ̀yìnwá ń sọ. Ìṣesí ṣe pàtàkì. Irú ìṣesí wo ni ìbéèrè tó kàn.

Kí ló dé tí àkàtúnkà fi ń tan ọmọ jẹ?

Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Àwọn kan kà á ní àkàtúnkà ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á nígbà kan, wọ́n sì fi ìgbà mẹ́ta yòókù kọ ohun tí wọ́n rántí sórí ìwé, láìwo àyọkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló borí: wọ́n rántí nǹkan bíi 83 nínú 100, àwọn yòókù rántí 71. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní kí gbogbo ọmọ máa kà á ní àkàtúnkà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn alákàtúnkà rántí 40. Àwọn tó ń dán ara wọn wò rántí 61.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pé báwo ni wọ́n ṣe rò pé àwọn máa rántí àyọkà náà dáadáa sí, tó bá di ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn alákàtúnkà ni ọkàn wọ́n balẹ̀ jù. Ọmọ tó ń sunkún pé òun mọ ìwé yìí tẹ́lẹ̀ kò parọ́. Ohun tó mọ̀ lóru ọjọ́ yẹn dá a lójú, torí pé ojú rẹ̀ ti mọ gbogbo ojú ewé náà.

Ẹ wo ẹni tó ń wọ Micra láti Ọjọ́ọ̀ dé Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń jókòó sẹ́yìn. Tó bá rí Sángo, ó mọ̀ ọ́n. Tó bá rí Mọ́kọ́lá, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan pé kí ó wà á dé Dùgbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n ní gbogbo ìkóríta. Kí á mọ nǹkan nígbà tí a bá rí i, àti kí á mú un jáde láti inú orí wa nígbà tí a kò rí i, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdánwò fámásì ń fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́. Àkàtúnkà kò gbé e kúrò ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Ìdí tún nìyẹn tí fífi báírò aláwọ̀ yẹ́lò kun ìwé fi ń tan ni. Ní 2013, Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀nà ìkàwé mẹ́wàá wò, wọ́n sì wo ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkàtúnkà àti kíkun ìwé wà nísàlẹ̀. Méjì péré ló dé òkè: kí ènìyàn máa dán ara rẹ̀ wò, àti kí ó pín ìkàwé rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Báwo ló ṣe ń rí lórí tábìlì?

Mo jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ 300 level kan rí ní Agbowó, níbi tó ti ń ka àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ka ìwé fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó pa á dé, ó dojú ìwé náà bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fa fúlúsíkápù kan yọ, ó kọ captopril, lisinopril, ramipril, ó sì fa ìlà sábẹ́ "pril" nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ wọn ó kọ: "Ikọ́ gbígbẹ. Kí ló fà á?" Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó fi orí báírò kan eyín, ó wo òrùlé, kò ṣí ìwé. Ó kọ nǹkan kan tó jọ ìdáhùn, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ìgbà náà ló tó ṣí ìwé, tó fi báírò pupa kọ ohun tó kù. Báírò pupa yẹn ni yóò kọ́kọ́ padà sí ní ọjọ́ kejì sí i. Èyí tó gbà kò tún yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdáhùn tó ń wá rèé. Ensáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ ara yá, wà nínú ara tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń mú ohun kan jáde tó ń fún àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ìyẹn angiotensin II. Ó sì ń fọ́ ohun mìíràn tó ń jẹ́ bradykinin sí wẹ́wẹ́. Oògùn ìdílé "pril" ń dí ensáìmù yìí lọ́wọ́. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bradykinin tí kò rí ẹni fọ́ ọ á kóra jọ, á máa yún ọ̀nà èémí, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Losartan àti valsartan, tí àwọn náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í fọwọ́ kan ensáìmù náà. Ibi tí angiotensin II ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń dí, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi ṣọ̀wọ́n lára wọn.

Ẹni tó há "lisinopril, ikọ́ gbígbẹ" sórí á rí máàkì kan. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè márùn-ún láti inú rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí olùkọ́ kò tíì bi ẹnikẹ́ni rí. Ìbéèrè tó wúwo jù sì wà lẹ́yìn iléèwé: ìyá kan láti Bẹẹrẹ ń lo lisinopril, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ra oògùn ikọ́ léraléra, kò lọ. Ó rẹ̀ ẹ́, ó dá gbogbo oògùn dúró, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Rọpárọsẹ̀ ló wà níwájú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Apoògùn tó bá rántí bradykinin á bi í pé, "Mọ̀mọ́, oògùn wo lẹ tún ń lò?" kí ó tó tà á ní ìgò mìíràn, á sì ní kí ó padà lọ bá dókítà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò lè fojú kékeré wo bí ọmọ ṣe ń kàwé nígbà tí mo bá ronú kan obìnrin yìí.

Ti pípín ìkàwé kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1885, Ebbinghaus, ará Jámánì, kọ ohun tó rí lára ara rẹ̀ sílẹ̀: lára àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ tó há sórí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ kan. Tí ọmọ bá padà síbi kan náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbàgbé á máa falẹ̀ sí i. Wákàtí mẹ́fà tó fẹ́ lò lóru kan ṣoṣo náà ni, ó kàn fọ́n ọn ká ni.

Ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá náà dára, bí ọmọ bá dáhùn rẹ̀ kí ó tó wo ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ìdáhùn ló ń kà, àkàtúnkà náà ni.

TDB ńkọ́?

TDB ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe kíkàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ ó rí ọmọ tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ, tí obì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fámásì gan-an ló yẹ kó mọ ohun tó wà nínú obì náà. Kaféènì ni, ara sì ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ó tó mú ìdajì rẹ̀ kúrò. Èyí tó jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, nígbà tó fẹ́ fi wákàtí mẹ́ta sùn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ lójúmọmọ síbi tí yóò gbé pẹ́. Wákàtí méje sí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń dámọ̀ràn fún ọ̀dọ́ ọjọ́ orí yìí. Ẹni tó bá gé e kúrú ń gé ìkàwé ara rẹ̀. TDB kan lè gba ọmọ lọ́wọ́ kàríòfà nígbà mìíràn, mi ò jiyàn. Ohun tó fi kà á kì í dúró de 400 level.

Ṣé ọwọ́ ọmọ nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà?

Rárá. Ẹ rántí ìdá 96 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan nínú àpẹẹrẹ wa: àwọn nǹkan tí kì í ṣe ìṣesí ìkàwé wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé Ọ̀rógùn, tí iná kò tíì dé láti àárọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ alájọgbé ń pariwo létí fèrèsé rẹ̀, kò bá ẹni tó ń gbé nínú ọgbà du nǹkan kan náà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní 14 February, kò sì parí títí di 14 October: oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀kọ́ fi dúró, tí wọ́n sì wá rọ́ kíláàsì wọnú ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá rọ́ ẹ̀kọ́ báyẹn, pípín ìkàwé sí ọ̀pọ̀ ọjọ́ di ohun tí apá ọmọ kò ká mọ́. Àwọn mìíràn ń ta ọjà lórí fóònù kí wọ́n lè jẹun. Fọ́ọ̀mù ìwádìí kì í sábà béèrè ìwọ̀nyí.

Kí ni kí òbí béèrè, kí sì ni olùkọ́ lè ṣe?

Ẹ dákun, ẹ fi "wákàtí mélòó lo fi kàwé?" sílẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín pé kí ló kọ sórí ìwé láìwo nǹkan lọ́sẹ̀ yìí, àti èwo nínú rẹ̀ ni kò gbà. Kò pọn dandan kí ẹ mọ pharmacology. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá àgbà ń lò fún yín ní Yorùbá, kí ẹ sì máa bi í pé "kí ló fà á?" títí yóò fi dúró. Ibi tó bá dúró sí gan-an ni kí ó padà sí. Bó bá sì ti gba 47 lẹ́ẹ̀mejì nínú kọ́ọ̀sì kan náà, kí ó mú ìwé ìdáhùn rẹ̀ lọ bá olùtọ́nisọ́nà rẹ̀ ní ẹ̀ka náà kí sáà tuntun tó wọlé, kì í ṣe nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ wa náà lè tó nǹkan kan láìsí owó. Ìbéèrè mẹ́ta péré níbẹ̀rẹ̀ kíláàsì, lórí ohun tí wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá àti lóṣù tó kọjá, ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwé pípa dé, kò sí máàkì níbẹ̀. Kí wọ́n sì sọ ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó ṣì í lè mọ̀ ní ọjọ́ náà.